Ibi tí igi ti pàdé irin: àlàyé lórí tábìlì onírésíìnì

Ẹ ti rí i lórí fóònù, bóyá ẹ tiẹ̀ ti rí i nílé ẹnìkan ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu: tábìlì kan tí pákó nínípọn méjì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, tí etí wọn rí gbágungbàgun bí igi ṣe hù nínú igbó, tí ohun kan tó mọ́ gaara, aláwọ̀ búlúù tàbí dúdú, sì gba àárín wọn kọjá. Ẹsẹ̀ irin ló gbé e ró. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e kì í yàtọ̀. Ṣé dígí ni nǹkan àárín yẹn ni àbí rọ́bà? Ṣé igi gidi ni àbí wọ́n kàn lẹ awọ igi mọ́ ọn lára? Kí ló dé tí owó rẹ̀ fi tó ti àga àti tábìlì odindi pálọ̀? Ìbéèrè tí mo sì kà sí pàtàkì jù lọ, òun ni àwọn ènìyàn kì í bi í títí nǹkan á fi bàjẹ́: kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i bí ọyẹ́ bá dé?

Èsì ìbéèrè kẹrin yìí ló gbé èsì àwọn yòókù dání. Igi kì í sinmi. Wọn ì báà gé e, kí wọ́n là á, kí wọ́n fá a, kí wọ́n kùn ún, yóò ṣì máa fẹ̀, yóò ṣì máa súnkì, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Irin, dígí àti résíìnì, ìyẹn nǹkan tó gba àárín tábìlì yẹn, kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń ta irú tábìlì yìí fún yín, iṣẹ́ tó ṣe níbi tí igi ti pàdé àwọn yòókù ni ẹ ń sanwó fún. Ti dídán kò le: ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ àti sáńpépà lè mú pákó dán.

Igi àti omi inú afẹ́fẹ́

Igi tútù kún fún omi. Omi kan wà nínú àwọn ihò tínńtín inú rẹ̀, òmíràn sì ti wọ inú ògiri ihò wọ̀nyẹn lọ. Bí wọ́n bá gé igi, omi inú ihò ló kọ́kọ́ máa ń jáde, títóbi igi kò sì ní yí padà. Ìgbà tí omi bá kù sí nǹkan bí ìdá 28 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, bí a bá fi wé ìwọ̀n igi náà nígbà tó bá gbẹ tán pátápátá, ni ti inú ògiri á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni igi á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Láti ibẹ̀ lọ, ó ti di bíi gàrí tí a ṣí sílẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá tutù, á fa omi sára, bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á dá a padà. Fáníìṣì lè mú kí ó falẹ̀. Kò lè dá a dúró.

Àjàṣẹ́ wà létí ọ̀sà. Níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún, igi tí a tọ́jú síbẹ̀ á dúró sí nǹkan bí ìdá 16 omi nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀rinrin bá já wálẹ̀ sí 40, igi yẹn kan náà á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 7 tàbí 8. Ẹ wá rò ó wò pé wọ́n kan tábìlì ní Àjàṣẹ́ nínú oṣù kẹfà, nígbà òjò, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Ṣábẹ, lẹ́bàá àwọn àpáta ńlá yẹn, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti òkè wá ní ìparí ọdún, tí ètè ènìyàn gan-an ń là. Tábìlì náà á là pẹ̀lú. Ẹni tó rà á á ní igi tútù ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi rẹ́ òun jẹ. Nígbà míì, òótọ́ ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, igi náà ti gbẹ dé ibi tí Àjàṣẹ́ lè gbẹ ẹ́ dé. Ibi tí wọ́n gbé e lọ ló gbẹ jù bẹ́ẹ̀. Yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru náà lè ṣe é bákan náà, bí ilé náà tilẹ̀ wà létí ọ̀sà.

Súnkì-súnkì yìí kò dọ́gba níbi gbogbo lára igi. Gígùn pákó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ń yí. Kódà nínú fífẹ̀ náà, ó sinmi lórí bí wọ́n ṣe là á: pákó tí ojú rẹ̀ tẹ̀ lé òrùka ọjọ́ orí igi a máa súnkì tó ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n là tààrà láti èèpo wọ àárín, nínú ọ̀pọ̀ igi. Ẹ mú pákó tíìkì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí wọ́n là bí wọ́n ṣe ń la pákó ọjà. Bí omi inú rẹ̀ bá kúrò ní 14 tó di 8, fífẹ̀ rẹ̀ á dín ní nǹkan bíi mìlímítà 4. Bẹ́ẹ̀, tíìkì wà lára àwọn igi tó fara balẹ̀ jù. Mìlímítà 4 kò jọ nǹkan kan lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi súkúrúù mẹ́jọ dè é mọ́ irin tí kì í mì, ibo ni mìlímítà 4 yẹn fẹ́ gbà? Á ya igi láàárín, tàbí kó tẹ̀ ẹ́, tàbí kó já súkúrúù.

Àwọn tó kọ́lé sí Àjàṣẹ́ láyé àtijọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà dé láti Brasil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan nínú wọn ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ bíríkì. Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, tí wọ́n kọ́ láàárín 1912 sí 1935, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brasil ju mọ́ṣáláṣí lọ, wà lára ogún wọn. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ lọ wò rèé: ilé Àgùdà àtijọ́ kan tí ilẹ̀kùn onífèrémù rẹ̀ ṣì wà. Ẹ sún mọ́ ọn. Férémù nípọn, ó yí ká. Pákó pẹlẹbẹ wà láàárín rẹ̀. Nínú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá kàn án bó ṣe yẹ, kò sí gúlúù lára pákó àárín, kò sí ìṣó. Ó kàn wọ inú ojú ìlà tí wọ́n gbẹ́ sí férémù ni, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà òjò á fẹ̀ wọ inú ìlà. Nígbà ọyẹ́ á súnkì díẹ̀ sẹ́yìn. Férémù kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n yẹn kan náà ni ẹni tó ń fi igi pàdé irin lónìí gbọ́dọ̀ ní. Ohun èlò ló yí padà.

Kétu náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Igi tútù ni àwọn agbẹ́gilére sábà máa ń gbẹ́, torí ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, wọ́n sì ń kó inú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde títí ara rẹ̀ á fi fẹ́lẹ́. Nítorí pé ó fẹ́lẹ́, omi ń jáde lára rẹ̀ dọ́gba, kò sì sí àárín igi líle tí yóò máa fa ẹ̀gbẹ́ ya. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001, ijó àti orin ni wọ́n ń mẹ́nu bà. Ó wù mí kí wọ́n máa mẹ́nu ba ohun tó wà nínú igi yẹn náà.

Igi wo?

Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, tíìkì ló wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Igi àlejò ni, láti Éṣíà ló ti wá. Ìjọba ló ń gbìn ín ní Djigbé, ní Agrimey, ní Toffo, àjọ ONAB, tó jẹ́ àjọ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ igi, sì ń bójú tó oko wọ̀nyẹn. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, àmọ́ tíìkì oko kì í sábà dàgbà tó èyí tí yóò bí pákó fífẹ̀ kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí ẹ bá rí tábìlì tíìkì tí wọ́n fi pákó tóóró márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ̀ pọ̀, ẹ má ṣe rò pé àṣẹ́kù pákó ni wọ́n fi kàn án fún yín. Bí gúlúù bá dára, pákó tóóró tí a lẹ̀ pọ̀ máa ń dúró ju odindi pákó fífẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa tíìkì ni pé ó ní òróró lára. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi acetone, kẹ́míkà kan tó ń fọ òróró kúrò, nù ún kó tó dà résíìnì tàbí gúlúù sí i. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tú kúrò lára ara wọn bó bá yá.

Ìrókò lágbára, ó sì lẹ́wà, àmọ́ ẹni tó ń gé e ló mọ̀ ọ́n. Nǹkan funfun kan tó le bí òkúta a máa dì sínú rẹ̀, a sì máa ba eyín ayùn jẹ́. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń dí àwọn kan léèémí, ìdí nìyẹn tí ìbòmú kì í fi í ṣe àṣejù ní ṣọ́ọ̀bù. Èròjà kan tún wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irú fáníìṣì kan gbẹ bọ̀rọ̀. (Ti ìrókò tí wọ́n so aṣọ funfun mọ́ nídìí, ẹ kò nílò kí n sọ fún yín pé wọn kì í gé e.) Apá wúwo, kì í sì í yí padà púpọ̀, àmọ́ àwọ̀ ìyeyè kan wà nínú rẹ̀ tí ń ṣàn jáde bí omi bá kàn án, ẹ má tẹ́ aṣọ funfun sí orí apá tí wọn kò kùn dáadáa. Ọ̀gánwó rọrùn láti fá, ó sì pupa rẹ́sú-rẹ́sú.

Òfin tún wà lórí àwọn kan nínú wọn. Igi tí àwọn Faransé ń pè ní vène ti wà nínú ìwé àdéhùn CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tí wọn kò fẹ́ kó tán, láti oṣù kìíní 2017. Apá àti ọ̀gánwó wọ ibẹ̀ ní oṣù kejì 2023. Èyí kò sọ pé kí ẹ má ra tábìlì apá. Ohun tó sọ ni pé gẹdú, pákó lílà àti pákó onípele (èyí tí wọ́n fi awọ igi lẹ̀ lé ara wọn) láti ara igi wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ sọdá ààlà láìní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kó pákó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní Paris, kó lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́gbó kó tó di ẹrù.

Ẹ kíyè sí etí gbágungbàgun yẹn pẹ̀lú, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tìtorí rẹ̀ ra tábìlì. Ibi funfun tó sún mọ́ èèpo ló máa ń wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àti ikán fẹ́ràn jù. Àárín tíìkì, ìrókò àti apá tó dúdú lè dojú kọ ikán. Ibi funfun wọn kò lè ṣe é. Bí èèpo bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bó o. Èèpo á já bó pẹ́ bó yá, kí ó tó já, kòkòrò á ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé.

Résíìnì

Nǹkan àárín yẹn kì í ṣe dígí. Ẹ̀yà rọ́bà líle kan ni, tí à ń pè ní ẹ́pọ́sì. Kẹ́míkà méjì tó dà bí omi ni: résíìnì fúnra rẹ̀, àti èkejì tó ń mú un le. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á di ara wọn mú, ooru á jáde, wọ́n á sì di líle. Iná kò lè yọ́ ọ padà sí omi mọ́ lẹ́yìn náà, kó rọ̀ nìkan ló lè rọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1930 sí àwọn ọdún 1940 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣàwárí rẹ̀, Pierre Castan ará Siwitsalandi sì wà lára wọn. Ó ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi tipẹ́ kó tó wọ pálọ̀ wa.

Ìdàrúdàpọ̀ tó ń ná àwọn ènìyàn lówó jù wà níbí. Résíìnì méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì jọra nínú bídọ́ọ̀nù. Ọ̀kan ni ẹ́pọ́sì. Èkejì ni pólíẹ́sítà, èyí tí wọ́n fi ń tún ara mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi ṣe, tí òórùn rẹ̀ ń gba imú kan. Pólíẹ́sítà kò wọ́n tó ẹ́pọ́sì. Àmọ́ bó bá ń le, ó máa ń súnkì gan-an, kò sì di igi mú tó bẹ́ẹ̀. Nínú tábìlì, ó máa ń ya kúrò létí igi, àlàfo tóóró kan á sì hàn láàárín wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pò wọ́n náà yàtọ̀. Fún pólíẹ́sítà, ẹ̀kán díẹ̀ oògùn tó ń mú un le ni wọ́n ń fi sí i, wọ́n sì lè fi kún un díẹ̀ kó tètè le. Ẹni tí iṣẹ́ pólíẹ́sítà ti mọ́ lára, tó wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ́pọ́sì, ti ba ti ẹ̀ jẹ́. Ẹ́pọ́sì ní ìwọ̀n: bí bídọ́ọ̀nù bá ní méjì sí ọ̀kan, méjì sí ọ̀kan ni, tàbí mẹ́ta sí ọ̀kan bí wọ́n bá kọ bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà tó bá ṣẹ́kù kò rí ẹnìkejì tí yóò dì mú, ojú tábìlì á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí ayé. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan tábìlì tuntun tó ṣì ń lẹ̀ díẹ̀, tí olùtajà ní "á gbẹ, Màmá, ẹ fún un lọ́sẹ̀ méjì", ẹ rọra máa lọ.

Ooru Àjàṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ́pọ́sì. Bí ìgbóná bá fi bí ìwọ̀n Celsius 10 lọ sókè, kíákíá tó ń le a máa tó ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá da èyí tó nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Á gbóná títí á fi rú èéfín, á pọ́n, á sì sán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà á ní ìpele-ìpele, tàbí kí wọ́n ra irú èyí tí wọ́n ṣe fún ibi jíjìn, tó ń le díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rinrin náà ní tirẹ̀: ó lè fi ìkùukùu funfun sójú ẹ́pọ́sì bí ẹni fi epo kùn ún. Igi fúnra rẹ̀ sì ń mí. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná lọ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń jáde, a sì di ihò kéékèèké nínú résíìnì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a kọ́kọ́ fi ẹ́pọ́sì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa igi lẹ́nu, wọ́n á sì dúró di ìgbà tí oòrùn ti rọ̀, tí igi ń tutù bọ̀, kí wọ́n tó dà á.

Ọ̀rọ̀ iye owó kù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí àlàfo àárín tábìlì bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí ó gùn ní 180, tí ó sì jìn ní 5, lítà 18 ẹ́pọ́sì ló máa gbà, èyí tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 20. Láti òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan lọ́dọ̀ yín sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé owó résíìnì nìkan lè ju owó igi lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ irin, ni sáńpépà oríṣiríṣi láti èyí tó ní ojú gbàǹgbà dé èyí tó dà bí bébà, ni ọjọ́ tí nǹkan ń jókòó títí yóò fi le. Bí ẹnìkan bá wá pè é ní owó pọ́ọ́kú, ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ni kò sí níbẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ́pọ́sì tàbí gbígbẹ igi.

Ẹ̀rù ìkòkò gbígbóná ṣì yẹ kó máa bà yín. Ọ̀pọ̀ ẹ́pọ́sì tí wọ́n ń dà sínú tábìlì ti ń rọ̀ bí ìgbóná bá ti tó ìwọ̀n Celsius 50 sí 60, ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Oòrùn náà a máa sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè. Tábìlì ìta ni ẹ fẹ́? Ẹ ra ti igi àti irin, kí ẹ fi ẹ́pọ́sì sílẹ̀ fún inú ilé.

Ibeere kan tún wà tí àwọn ènìyàn ń dáhùn ní òdì: ṣé résíìnì kì í jẹ́ kí igi là mọ́? Rárá. Ó ń dí ojú igi, omi sì ń falẹ̀ láti wọlé àti láti jáde, òun nìyẹn. Tábìlì odò, ìyẹn irú èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí résíìnì gba àárín pákó méjì kọjá bí odò, ń dúró nítorí bí wọ́n ṣe tò ó: pákó méjèèjì dojú kọ ìta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ láìsí ẹni tó ń dí i. Èyí tó ń yọ wá lẹ́nu ni igi òbírí, tí wọ́n gé lódindi kọjá, tí òrùka rẹ̀ hàn yíká. Nítorí pé ó ń súnkì yíká ju bó ṣe ń súnkì láti etí wọ àárín lọ, kò sí ibi tó máa gbà ju kó ya láti etí dé àárín. Wọ́n á fi résíìnì dí ibi tó ya. Bó bá tún súnkì, á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà fún igi tó là, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. George Nakashima, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Japan (1905 sí 1990), kì í bo ibi tó là. Á gbẹ́ igi líle kékeré kan tó ní apá méjì bí labalábá, á fi sọdá ojú ibi tó là, á sì dè é níbẹ̀. Ẹ rí i kedere pé igi náà là, ẹ sì rí i pé kò ní là jù bẹ́ẹ̀. Kò ná ju igi díẹ̀ àti ọwọ́ tó mọṣẹ́ lọ. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà wa tó ra bídọ́ọ̀nù búlúù, ìyẹn ni mà bá fẹ́ kó kọ́kọ́ dán wò.

Irin àti dígí

Ti irin kò gùn. Ihò súkúrúù tó wà lára ẹsẹ̀ irin gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí igi ti ń fẹ̀. Ihò róbótó tó há mọ́ súkúrúù ń de igi lókùn ni. Ẹ wo abẹ́ tábìlì; ihò gígùn náà hàn sójú. Bí jórinjórin bá ti fi irin pẹlẹbẹ gba abẹ́ pákó láti etí dé etí, tí súkúrúù sì há, ẹ bi í ibi tí igi máa gbà. Bí irin tí wọn kò kùn bá sì kan ìrókò tàbí apá, omi inú igi á bá a jà, á sì fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀. Ọ̀dà gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Lẹ́bàá ọ̀sà, irin oníhò tí wọn kò dí ẹnu rẹ̀ ń jẹrà láti inú jáde wá, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi kán.

Dígí ni kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi iná mú le, tó jẹ́ pé bó bá fọ́, á di wóro-wóro tí kò mú bí ọ̀bẹ. Wọn kò lè gé irú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iná mú un le, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ péye kó tó wọ ilé iná. Dígí tó nípọn ní mìlímítà 10 wúwo ní kílò 25 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹsẹ̀ tí kò gbọ̀n fún pákó lè gbọ̀n fún un. Wọn kò sì gbọdọ̀ há a sínú igi. Rọ́bà díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ àti àlàfo díẹ̀ létí rẹ̀ ti tó.

Kí ẹ tó sanwó

"Ọ̀gá, ṣé igi yìí gbẹ?" Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tí yóò ní rárá. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n là á, àti ibi tí wọ́n tò ó sí. Ìṣirò àtijọ́ ni pé pákó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 fẹ́ tó ọdún kan níta lábẹ́ òrùlé, kí ẹ máa fi kún un bó bá nípọn sí i; ooru wa lè dín in kù, kò lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kékeré onímú méjì tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi. Bó bá ní i, ẹ ní kó gún un níṣojú yín, ní abẹ́ tábìlì pẹ̀lú, kì í ṣe lórí résíìnì. Kó kù sí 12 tàbí kó dín fún iṣẹ́ résíìnì. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi òṣùwọ̀n ọjà ṣe é: kó wọn pákó kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tún un wọ̀n ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ̀n náà kò bá dín mọ́, igi ti bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dọ́gba. Ní Àjàṣẹ́, dídọ́gba yẹn lè ṣì ju 12 lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń tún un gbẹ nínú yàrá tí wọ́n dí, tí iná tàbí ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀. Bí orí bá dán tí abẹ́ sì gbẹ láìkùn, ẹ̀gbẹ́ kan á máa mu omi ju ìkejì lọ, tábìlì á sì tẹ̀ bí àwo. Ẹ wo orí ìpẹ̀kun pákó láti mọ̀ bóyá igi gidi ni: ìlà tó wà lójú gbọ́dọ̀ yí kọ́ wọ ìpẹ̀kun náà, kí òrùka sì hàn níbẹ̀. Awọ igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó onípele kì í lè ṣe ìyẹn. Kò burú láti ra onípele o, ó tiẹ̀ ń dúró ju igi odindi lọ nínú ọyẹ́; ẹ má kàn san owó igi odindi fún un ni.

Bó bá jẹ́ Ṣábẹ tàbí Kétu ni ẹ ń gbé e lọ, ẹ sọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà kó tó bẹ̀rẹ̀. Á jẹ́ kí ihò súkúrúù gùn sí i, á sì gbẹ igi náà sí i. Bẹ́ẹ bá gbé e délé, ẹ jẹ́ kó jókòó sínú yàrá tí yóò máa wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tún súkúrúù fún díẹ̀, ẹ má fún un pa. Nínú ohun tó bá bàjẹ́, ojú résíìnì tí nǹkan họ rọrùn láti tún ṣe: sáńpépà, kí wọ́n sì tún un kùn. Igi tó là díẹ̀ ṣeé fi labalábá Nakashima dè. Résíìnì tó ti ya kúrò létí igi ni kò ṣeé tún ṣe dáadáa, torí ìdọ̀tí àti òróró ti wọ inú àlàfo náà. Wọ́n ní láti fi ayùn là á, kí wọ́n fọ etí igi méjèèjì, kí wọ́n sì tún un dà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó san owó ìdá kejì, ẹ bá gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe àdéhùn lórí ìyẹn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kọjá ọyẹ́ kan ó kéré tán.